Èémí Clive

Ọmọ ogún ọdún ni Maeve Lonergan nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró ní ìlú Camperdown, ní Australia, láago mẹ́jọ àárọ̀, lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀. Ó ti sùn, ó ti wẹ̀, ó gbà pé ojú òun ti dá. Ṣùgbọ́n ọtí kò tíì kúrò lára rẹ̀, òfin kò sì gba ẹ̀kán kan láyè fún awakọ̀ tuntun. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dá a padà, wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ọkọ̀ rẹ̀: bí kò bá fẹ́ èémí tí kò lọ́tí nínú sí i, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń ya àwòrán ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ó sì ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Bí Maeve bá lo oṣù mẹ́fà láìní àbàwọ́n, adájọ́ á ní kí wọ́n yọ ọ́.

Clive, bàbá rẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn ló ti ń pè é ní Ìyá Afunfèrè. Láràárọ̀ Maeve á fẹ́ èémí, ọkọ̀ á gbéra, á lọ sídìí àwọn màlúù tó máa ń fún wàrà wọn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, bátìrì ọkọ̀ Clive kú, bẹ́ẹ̀ ọjà màlúù kì í dúró de ẹnì kan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ Maeve lórí tábìlì, ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà han gooro. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún han.

Maeve sáré jáde, búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Dádì! Kí lẹ mu?"

"Wáìnì àná ni. Ṣebí mo ti sùn!"

"Èmi náà sùn nígbà tèmi."

Clive na kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

"Orúkọ mi ni wọ́n máa kọ ọ́ sí," ni Maeve wí. "Ẹ̀yin lẹ máa lọ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún adájọ́."

"Níwájú gbogbo ìlú?"

"Níwájú wọn náà lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, mo máa gbé yín lọ sọ́jà."

Ní kóòtù, Clive so táì, ó dìde, ó ní òun lòun fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé àwòrán tí ẹ̀rọ náà yà jáde: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ó fi oṣù kan kún ti Maeve, torí pé kò tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Kò burú, sà," ni Maeve wí.

Lórí àtẹ̀gùn níta, Clive di apá Maeve mú.

"Má bínú, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Maeve, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.