Àdírẹ́sì Ara Ìgò Sóbò

Èmi Fadékẹ́ tí mo ní mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀, mo ti kọ́ kọjá ohun tí mo wá kọ́. Sóbò ni mo ń ṣe nílé wa ní Ìfọ́n. Mísítà Kingsley, olùkọ́ wa ní Òṣogbo, ló tẹnu mọ́ ọn pé ọjà tí kò ní àdírẹ́sì, ọmọ tí ò mọ bàbá ni. Mo bá tẹ "Ìfọ́n" gàdàgbà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ogójì ìgò tí mo fẹ́ gbé lọ ṣàfihàn lọ́jọ́ tí a máa parí ẹ̀kọ́. Òmùgọ̀ ni mí! Mo gbàgbé pé àárín Ìlobù lọkọ̀ máa gbà, bẹ́ẹ̀ ìjà ilẹ̀ ṣì gbóná láàárín ìlú méjèèjì.

Bí mo ṣe rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá ọkọ̀ dúró níwájú, àyà mi já. Mo ń fi èékánná ya bébà kúrò lára ìgò. Ṣùkúrátù, ọmọ Ìlobù tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ jókòó tì mí ni. Ó ń bá mi ya á.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà yọjú. "Ẹ kú ìrìn o. Kí ló wà nínú ìgò tí ò lórúkọ yìí?"

"Sóbò ni, ẹ̀gbọ́n." Èmi ni mo dá a lóhùn.

"Mu ún ká rí i."

Mo mu ún. Eyín mi ń lu ẹnu ìgò, ó ń ṣàn sí mi láyà.

"Níbo lo ti ṣe é?"

Mo gbé! Tí mo bá sọ òótọ́, ṣé sóbò nìkan ni wọ́n máa dà nù?

"Ilé wa ni," Ṣùkúrátù dá a lóhùn. "Ìlobù níbí. Àbúrò mi ni."

Ọmọkùnrin náà gba ìgò kan, ó tọ́ ọ wò, ó mu ún tán. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mà dùn o! Ìyàwó mi bímọ, ọjọ́ Jímọ̀ọ́ la máa sọ ọ́ lórúkọ. Ọgọ́rùn-ún ìgò ni mo fẹ́. Nọ́ńbà rẹ ńkọ́? Màá wá gbé e nílé yín."

Mo pe nọ́ńbà mi fún un. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí parọ́.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti ń pè. Oníbàárà tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi nìyẹn, ilé mi ní Ìlobù ló ń bèèrè. Ọjọ́bọ̀ nìyí. Fóònù tún ń dún lọ́wọ́ mi báyìí, mi ò lè gbé e.