Ètò Ìsìnkú Tó Wá Láti Abigi

Wọ́n ní kí Tíṣà Rachel wá tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbóná lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn ní Japara, ní kó dúró níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó sọ pé òun lòun ba ìwé ìrìbọmi jẹ́, kó sì gbé iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n wá kà sí i lọ́rùn ni pé ó ka ìwé.

Ìwé wo? Ètò ìsìnkú ni. Láàárín àwọn ìjọ tiwọn, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí omi, bí ìjọ kan bá fi ètò ìsìnkú ránṣẹ́ sí èkejì, dandan ni kí akọ̀wé kà á sétí ìjọ kí òkú tó wọlẹ̀. Ìjọ tí kò bá kà á, àwọn ọmọ olóòkú ò ní gbàgbé láé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ètò kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì: Màmá Hannah Oyètọ́lá, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, Abigi. Rachel ní, "Ìyá, ó dìgbà o," ó sì tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ohun tí wọ́n fi ń ka ìwé lórí rẹ̀ sì pa ara rẹ̀ dé. Ó rò pé iná ló ń ṣe ségesège. Ó tún un tẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, kò sí fáìlì kan tó ṣí mọ́. Orúkọ àwọn tó ti ṣèrìbọmi láti ọdún 1924, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tí Rachel fi ọdún méje tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan látinú ìwé tí ikán ń jẹ, gbogbo rẹ̀ di wúruwùru. Ẹ̀dà tó wà nínú fíláàṣì náà bá a lọ, torí ara kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ló wà. Ìwé àtijọ́ ńkọ́? Ikán ti parí tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìjọ Abigi lórí fóònù, wọ́n ní Màmá Hannah ń bẹ láàyè, ó ń yan ẹja lọ́wọ́.

Titus tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ìjọ, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Injinía, wá wò ó, ó mi orí. "Àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni," ló wí fún Fíkà. Gbólóhùn kan péré, ó ti yọ ọwọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Tamílọ́rẹ, ọmọ Rachel tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Agọ́-Ìwòyè, wá sílé. Ó gbé ètò náà lọ yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Màmi, ẹ ò tẹ ohun tí kò yẹ," ló wí. "Ohun tí ẹ fi ń ka ìwé yẹn ló lábùkù. Bí fáìlì bá dé, á bi í pé báwo ni àwòrán inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, á sì pèsè àyè sílẹ̀ fún un. Fáìlì yìí purọ́, ó ní òun kéré. Ohun tó wá rọ́ wọlé ju àyè náà lọ ní ìlọ́po ogún."

"Kò kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n?"

"Kò wọ̀n ọ́n. Ó gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ ni. Ló bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ṣàn dé ibi tí kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ tó kàn sí, ó pa á rẹ́. Ohun tí olè tó fi fáìlì náà ránṣẹ́ kọ ló wá wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì ń ṣe é lọ, kò mọ̀ pé ọ̀gá ti yàtọ̀."

Inú bí Rachel débi pé ó dìde. "Ẹni tó ń ta epo ní ọjà Òrù kì í da epo sínú ìgò láìwo ibi tó kún dé. Gbogbo ọ̀mọ̀wé tó ṣe nǹkan yìí, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n?"

"Wọ́n ti rí i, Màmi. Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ń pín in. Kọ̀ǹpútà ìjọ yín ni kò gbà á. Ẹnì kan ti pa ibi tó ti ń gba àtúnṣe."

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Rachel mọ ọjọ́ tí wọ́n pa á, ó mọ ẹni tó pa á, ó sì mọ àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbìmọ̀ ìjọ pé lówùúrọ̀ Sátidé. Fíkà gbàdúrà, ó ní kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Rachel nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

Fíkà ì bá fò ó, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn baba wọn nìyẹn: ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ láìka ti tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé sì ni Rachel títí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé ńlá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pe àpèkọ fún ọmọ iléèwé.

"Injinía Titus sọ pé kọ̀ǹpútà ń jẹ dátà ìjọ, torí pé gbogbo ìgbà ló ń gba àtúnṣe. Ó dábàá kí á pa àtúnṣe náà pátápátá. Akọ̀wé bèèrè bóyá kò léwu. Injinía fèsì pé, ta ló fẹ́ wá jí orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi? Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́dìn Jùwọ́nlọ kín àbá náà lẹ́yìn. Fíkà fọwọ́ sí i."

Fíkà wúkọ́. "Ó dáa, Tíṣà, kí á má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìjọ ti dárí jì yín."

"Ẹ má dárí jì mí, sà," ni Rachel wí. "Ẹlẹ́ṣẹ̀ là ń dárí jì. Èmi ka ètò ìsìnkú, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni. Orúkọ bàbá mi wà nínú ohun tó ṣègbé, tèmi náà wà níbẹ̀, mo sì ti sunkún wọn. N kò ní sunkún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀." Ó mú bírò. "Ta ló dábàá kí á gba àkọsílẹ̀ yìí wọlé?"

Màmá Mercy, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, gbọ́wọ́ sókè. "Èmi ni. Mé è mọ kọ̀ǹpútà, ọma mi, àmọ́ mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí níjọ́ yẹn." Ojú ti Wọ́dìn Jùwọ́nlọ, ó kín in lẹ́yìn.

Rachel kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ó wo Titus, ó wo Fíkà.

"Lọ́la, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ìjọ ibi tí orúkọ wọn wọlẹ̀ sí. Ta ni kí n kọ pé yóò dúró níwájú?"

Titus ń wo bàtà rẹ̀. Fíkà ń nu awò ojú rẹ̀. Rachel tẹ bírò mọ́ ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó dáhùn.