Obìnrin Tí Mo Ní Mi Ò Mọ̀ Rí

5.

…ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àwọn àlejò pé mi ò mọ obìnrin náà rí.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn.

1.

ÌKÉDE TÍ Ọ̀GÁ ṢỌLÁDÉ GBÉ SÓRÍ INSTAGRAM

ẸSẸ̀ YÁ ADVENTURES! Ẹ pọn báàgì yín! Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, Ketu. A ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé tí ojú ayé kò tíì tó! EWU! ÀṢÀ! OMI!

Àgbóyì, ní òdìkejì omi Ketu, ló ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gba orí omi yẹn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, bàtà lọ́wọ́. Wọn kì í pè é ní ewu. Mọ́ńdè ni wọ́n ń pè é.

2.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ BÁÀGÌ GEORGE

Àgọ́.
Okùn tí wọ́n fi ń gun àpáta.
Oògùn ejò.
Omi oníke mẹ́sàn-án.
Ìwé kékeré kan tó fẹ́ máa kọ "ìṣe àwọn ará ibẹ̀" sí.

Estate kan ní Ìkòsí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ketu níbẹ̀, ni àlejò wa yìí ń gbé. Tó bá gbàgbé nǹkan sílé, á fẹsẹ̀ rìn lọ mú un.

3.

Èmi ni guide tó ń mú àwọn àlejò Ọ̀gá Ṣọládé rìn. Ruqoyah. Nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé ọmọ Anthony, nínú ìgboro Èkó, ni mí.

Irọ́ ni. Àgbóyì ni wọ́n bí mi sí. Àǹtí Màríyámọ̀, àbúrò ìyá mi, ni wọ́n tọ́ mi. Ọkọ̀ ni wọ́n ń tù jẹun.

4.

LÁTINÚ FÍDÍÒ STEPHANIE, Ọ̀KAN NÍNÚ ÀWỌN ÀLEJÒ, LÉTÍ OMI

STEPHANIE: Guys, a ti wọ bush o! (Òpó network dúró gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀.)

ÀǸTÍ MÀRÍYÁMỌ̀, nínú ọkọ̀ tó kàn láti gbé wa: Ọmọ mi! Ṣé ìwọ nìyí?

STEPHANIE: O mọ̀ wọ́n ni?

ÈMI: Rárá. Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níbí nìyẹn.

STEPHANIE: Aww. Culture!

Àǹtí mi yíjú sí omi. Wọ́n mú àjẹ̀.

6.

Ọ̀GÁ ṢỌLÁDÉ, lórí WhatsApp: Mò ń wo live Stephanie. Ó ti dákẹ́ jù. Fún wọn ní àṣà kan.

ÈMI: Àṣà wo, sà?

Ọ̀GÁ ṢỌLÁDÉ: Èyí tó bá wù ẹ́.

7.

Mo hùmọ̀ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Mo ní ní Àgbóyì, téèyàn bá dé àárín omi, ó gbọ́dọ̀ dìde kí omi kú iṣẹ́.

Omi, kú iṣẹ́! Àwọn àlejò gbà á gbọ́. George kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ jókòó!" ni Àǹtí mi pariwo.

"Mummy, àṣà yín mà ni," ni George dáhùn.

8.

Ó dìde, tòun ti báàgì.

9.

Báàgì yẹn fà á wọmi bí òkúta. Àǹtí mi bẹ́ sómi tìró tìró. Wọ́n bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba George, ó ń japá, ó ń jasẹ̀, ó fi ìgúnpá gbá wọn léjìká. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi tì í padà sínú ọkọ̀.

Mo ti mọ odò wẹ̀ kí n tó mọ A, B, D.

Mo jókòó.

Ọmọ Anthony kì í lúwẹ̀ẹ́.

10.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌJÀǸBÁ (èmi ni mo kọ ọ́)

Ohun tó fà á: ìgbì.
Ẹni tó farapa: kò sí.
Ẹni tó ṣèrànwọ́: obìnrin abúlé kan.

11.

OHUN TÍ GEORGE KỌ SÓRÍ INSTAGRAM WA, ÌRÀWỌ̀ MÁRÙN-ÚN: "Ikú kò mí lójú, mo borí! Àwọn ará ibẹ̀ ò lajú, ṣùgbọ́n ọkàn wọn mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìkíni omi kọjá yín o!"

12.

LÓRÍ FÓÒNÙ, TÚSÍDEÈ. Hidayat ni, ọmọ Àǹtí mi.

HIDAYAT: Apá Màmá ò ṣeé gbé sókè mọ́. Èmi ni mò ń tukọ̀.

ÈMI: Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?

HIDAYAT: Wọ́n ní ká má dà ẹ́ láàmú níbi iṣẹ́. Wọ́n kàn ń béèrè: ta ló sọ fún bọ̀dá yẹn pé èèyàn máa ń dìde lórí omi?

ÈMI: Network ò dáa.

Network dáa.

13.

Sátidé. Àlejò tuntun mẹ́fà, báàgì mẹ́fà. Ọ̀gá Ṣọládé ti fi "ìkíni omi" sínú ìkéde. Hidayat ló ń tukọ̀.

A dé àárín omi.

"Aunty guide, ṣé ká dìde báyìí?"

Hidayat gbé àjẹ̀ kúrò lómi. Ó ń wo ẹnu mi.