Atẹ́gùn Tí Mo Sé Mọ́nú Nítorí Àna

Ẹni tó bá rí mi lórí ibùsùn ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, tí mo dijú pinpin, tí mo pa ètè pọ̀, yóò rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Àdúrà kọ́. Ìsó ni mò ń sé mọ́nú.

Kí ẹ tó máa rín mi, ẹ jẹ́ kí èmi alára kọ́kọ́ rín ara mi, nítorí èmi ni mo mọ bó ṣe dùn tó.

Àìsàn jẹjẹrẹ ni wọ́n rí ní ẹnu ilé ọmọ mi. Ilé ọmọ tó ti bímọ márùn-ún, tó ti fẹ̀yìn tì láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló tún jí wá dá wàhálà sílẹ̀! Dókítà, obìnrin kúkurú kan tó ń rìn bí ẹni tí omi ń hó dè nílé, ní ká má fòyà. Ó ní wọ́n tètè rí i, ìtànṣán ni wọn yóò fi jó o. Iná kan tí ojú kò rí ni ìtànṣán yìí, ibi tí àìsàn bá wà ni wọ́n máa ń tàn án sí títí àìsàn náà yóò fi kú.

"Ṣùgbọ́n iná ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá," ni Dókítà wí. "Àwa la máa fi ibi tó yẹ kó jó hàn án, ká sì fi ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn hàn án."

Ta ló wà nídìí ìfihàn yẹn bí kò ṣe ọkọ àbígbẹ̀yìn mi obìnrin! Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ọsibítù náà. Wọ́n á ti ènìyàn gba inú ẹ̀rọ kan tó rí bí òrùka ńlá, ẹ̀rọ á ya àwòrán inú rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì. Nígbà kan rí, dókítà á jókòó ti àwọn àwòrán yìí láti àárọ̀, á máa fi ọwọ́ fa ìlà yí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ká: àpò ìtọ̀ rèé, ìfun rèé, egungun ìbàdí rèé, láti orí pẹlẹbẹ kan dé òmíràn, títí ọrùn á fi gan. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń fa ìlà náà fúnra rẹ̀. Kí ènìyàn tó mu ife tíì kan tán, ó ti parí. Àna mi á wá jókòó, á yẹ gbogbo ìlà wò, èyí tó bá wọ́, á tún un ṣe, kí Dókítà tó fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀rọ yín yìí kì í ṣàṣìṣe?" mo ti bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó máa ń ṣe é, Mọ́mì. Ó dà bí ọmọ tó mọ̀wé tí kò tíì mọ ayé. Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú àna tí mo ní fún yín. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ pọ̀ dé ibi tó ń dun ni. Bó bá wá kí mi, ṣónṣó àga ló ń jókòó sí. Bó bá jẹun díẹ̀, á dìde: "Mọ́mì, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wo atẹ́gùn táyà mi nílé epo." Á wa mọ́tò lọ sílé epo tó wà ní ìkóríta, á pẹ́ díẹ̀, á padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí ìgbà tó wá tí kò ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti sọ fún ọmọ mi pé, "Sọ fún ọkọ ẹ kó ra táyà tuntun o, èyí tó ní yìí ń jò." Ọmọ mi á kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Èmi náà ńkọ́? Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí aládùúgbò kẹta á dáhùn, bí àna mi bá ti wọlé, mo ti di ìyàwó tuntun nìyẹn. Ẹnu kékeré ni mo fi ń jẹun. Inú hańkí ni mò ń wúkọ́ sí.

Ọjọ́ àwòrán wá pé. Nọ́ọ̀sì ní, "Mama, ẹ lọ yàgbẹ́ dáadáa, kí ẹ tú gbogbo atẹ́gùn inú yín síta. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá mu omi yìí, kí ẹ má sì tọ̀. Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún, ìfun ìdí gbọ́dọ̀ ṣófo."

Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ẹ̀kọ́? Ẹ̀wà ni mo jẹ sùn, inú mi ń ké bí kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo káṣọ, mo jókòó. Ni mo bá gbọ́ ohùn àna mi.

Kì í ṣe láti òkèèrè o, ẹ̀yìn etí mi níbí! Pákó pẹlẹbẹ kan péré ló wà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ́fíìsì wọn. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi ṣíbí ro tíì. Bí èmi bá ń gbọ́ ṣíbí, kí lòun máa gbọ́? Ìdí tèmi, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi!

Mo dìde. Mo fa omi sórí ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo jáde.

"Mama, ṣé ẹ ti ṣe é?"

"Mo ti ṣe é, ọmọ mi. Inú mi ṣófo bí agbè."

Ẹ gbọ́ irọ́ lẹ́nu àgbàlagbà!

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ sínú òrùka nìyẹn, tí òógùn bò mí, tí mo ń di ìdí mú bí ẹni di ilẹ̀kùn mú nígbà ìjì. Àwọn àgbà ní ìsó inú ẹ̀kú, à-rá-mọ́ra ni. Wọn ò sọ fún wa pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí yóò ya fọ́tò rẹ̀.

Mo ti tọ̀, mo ti wọṣọ tán, mo ń retí kí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ni Dókítà bá pè mí wọ ọ́fíìsì. Àna mi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, kò wojú mi. Èmi nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti gé mi ní pẹlẹbẹ, mo ti di àwọ̀ eérú. Ìlà ofeefee yí àpò ìtọ̀ ká. Ìlà pupa yí ilé ọmọ ká tòun tàìsàn inú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé kan yí ihò dúdú kan ká, ihò náà tóbi, ó yọ rọ̀bọ̀tọ̀ bíi bàlúù tí ọmọdé fẹ́.

"Mo mà lẹ́wà o," ni mo wí. "Dúdú yẹn ńkọ́? Ṣé àìsàn náà nìyẹn?"

"Rárá, Mọ́mì," àna mi rọra dáhùn. "Atẹ́gùn ni. Ìfun ìdí yín nìyẹn."

Mo yára dáhùn pé, "Bóyá ẹ̀rọ ò yà á dáadáa."

"Ó yà á dáadáa, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀. Ohun tó rí ló yà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, atẹ́gùn yìí ti ti ilé ọmọ síwájú, ó ti lé e kúrò lórí ìjókòó rẹ̀."

Dókítà fa àga sún mọ́ mi. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, Mama. Ṣé bí inú yín ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn yìí á máa rìn síwá sẹ́yìn, a ó sì ní láti fẹ ibi tí iná á jó, kó má baà tàsé rẹ̀. Á wá jó mọ́ ìfun àti àpò ìtọ̀ tí kò ṣẹ̀ wá. Ẹ lè máa rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tòní nìkan ló rí báyìí, a ó kàn tún àwòrán yà ni." Ó wò mí lójú. "Nọ́ọ̀sì ní ẹ ní inú yín ṣófo."

Àna mi tẹjú mọ́ bíróò. Mo wo ìlà aláwọ̀ ewé yẹn. Ìtìjú mi ni ẹ̀rọ yà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, tó tún kùn ún ní ọ̀dà. Kí n wá tún irọ́ pa, kí wọ́n sì jó ìfun mi tí kò jalè, tó ti ń bá mi ru ẹ̀wà láti kékeré? Kò ní ṣẹlẹ̀!

"Dókítà," ni mo wí, ohùn mi sì ti padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a, "ìsó ni! Ìsó ẹ̀wà ni mo sé mọ́nú láti àárọ̀! Mo jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, mo gbọ́ ohùn àna mi lẹ́yìn pákó, ni ìdí mi bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Àna mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nàró bíi sójà, ó kọjú sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká jáde."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rọ fẹ́ sinmi."

Ó kó gbogbo wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Dókítà náà bá wọn lọ. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì sìn wọ́n dé ìdí fèrèsé tó wà lọ́hùn-ún.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ padà, mo jókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: mo jẹ́ kó lọ. Gíláàsì fèrèsé dáhùn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pariwo lókèèrè pé, "Kí nìyẹn? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ni?"

Ohùn àna mi ló dá a lóhùn, ó sì gbé àyà sókè sọ ọ́: "Àna mi ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú lórí ìjókòó.

Mo tún omi mu, mo dúró títí ó fi kún mi, mo padà sínú òrùka. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dijú. Nígbà tí ẹ̀rọ yà á tán, ihò dúdú ti pòórá, ìlà aláwọ̀ ewé ti kéré, ilé ọmọ ti padà sórí ìjókòó rẹ̀. Àna mi yẹ̀ ẹ́ wò ní pẹlẹbẹ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó rí ibì kan tí ẹ̀rọ ti ka ìfun mọ́ àpò ìtọ̀, ó fa ìlà náà padà. "Ọmọ tó mọ̀wé," ó ń dá sọ̀rọ̀, "kò tíì mọ ayé." Dókítà fọwọ́ sí i. Ó ní lọ́jọ́ Ajé la ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, òun sì mọ ibi tí òun máa tan iná náà sí. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọ̀tá ti wà lójú àwòrán, ó ku kó máa lọ.

Àna mi sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Mọ́mì, táyà mi ò jò rí."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ilé epo yẹn ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Tiyín, ẹ̀gbẹ́ àga tí ẹ máa ń jókòó sí ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà."

Mo dúró sójú kan. "Láti ìgbà ìyàwó?"

"Láti ìgbà ìyàwó, Mọ́mì."

Mo di ẹnu ọ̀nà mọ́tò mú kí n má baà ṣubú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Wá jẹ ẹ̀wà nílé mi lọ́jọ́ Ìsinmi," ni mo wí. "Jẹ ẹ́ yó. Bó bá tó àkókò, èmi á jáde sójú ọ̀nà. Màá sọ fún àwọn aládùúgbò pé ẹ̀rọ ń sinmi."