Báírò Pupa Lára Ulé Màmá

Gbémiga kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ má tíì pè é ní ọ̀dájú o. Òun náà retí ẹkún náà títí, kò rí i. Wọ́n sin Màmá sí àdúgbò Arakale ní Àkúrẹ́, àwọn èèyàn ń gbá a léjìká pé ó ṣe bí ọkùnrin, òun náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó ti padà sí Oǹdó níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Yorùbá. Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń máàkì ìwé. Kò sí ohun tó ń dùn ún, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ ọdún méje tó fẹ́ràn ewì ju bisikíìtì lọ. Màmá ló kó o ràn án. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ náà á pe Màmá lórí fóònù, á ka ewì tó kọ lọ́sẹ̀ náà, ì báà ṣe ti ewúrẹ́, ì báà ṣe ti bàtà tó já. Màmá á rẹ́rìn-ín títí, á ní, "Tún un kà!" Ọmọ á tún un kà. Màmá á wá ní, "Hẹn-ẹn, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló sọ ọmọ yẹn di akéwì, ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ lọ jókòó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò kọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan, ó mú bébà wá bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń máàkì ìdánwò.

"Dádì, ẹ bá mi kà á."

Ohun tó kọ nìyí:

Ulé Màmá kò tíì gbọ́ pé Màmá ti lọ.
Uná ń dúró dè é.
Uṣu ń dúró dè é.
Ta ni yóò sọ fún wọn?

Gbémiga kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Báírò pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi yí "ulé" ká, ó kọ "ilé" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yí "uná" ká: iná. Ó yí "uṣu" ká: iṣu. Ó fún un ní méje nínú mẹ́wàá, ó ní, "O gbìyànjú. Fáwẹ́lì 'u' kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò." Ọmọ ọdún méje! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wo àmì pupa náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ló wí. Sà, kì í ṣe Dádì. Gbémiga kò fura.

Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló fura, ọmọ Oǹdó gidi tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ọmọ yín ò kọ ewì mọ́ o. Mo bá èyí tó kọ kẹ́yìn nínú pàǹtírí. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá gbìn sínú ọmọ yìí nìyẹn. Tí ẹ bá jẹ́ kó kú, ẹ̀ẹ̀mejì la sìnkú Màmá."

Gbémiga ra ìwé tuntun fún ọmọ náà, èyí tó ní òdòdó lẹ́yìn. Ọmọ jókòó, ó kọ ọ́: Mo fẹ́ràn ilé ìwé mi. Ilé ìwé mi dára. Ilé ìwé mi tóbi. "Ṣé mo gba mẹ́wàá báyìí, sà?" Gbémiga wá àṣìṣe níbẹ̀ títí, kò rí. Ẹ̀rù bà á. Ohun àkọ́kọ́ tó kan án lára láti oṣù mẹ́ta nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mú ọmọ náà lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n lọ gbálẹ̀ ilé Màmá. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá Akíntúndé, arúgbó tí ilé tirẹ̀ kọjú sí ti Màmá, kígbe láti orí àga rẹ̀: "Gbémiga, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ wá ṣí ulé ni?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yíjú padà kíá, àfi bí ẹni tí Màmá pè. Ó wá fa ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó rọra ní, "Dádì, ṣé méje làwọn náà máa gbà?"

Kọ́kọ́rọ́ dúró lọ́wọ́ Gbémiga. Ulé. Bí ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe ilé nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí Màmá fi máa ń pe òun wọlé nígbà tó wà ní kékeré. Pàṣán ni wọ́n fi na ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu òun alára ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àṣé ọmọ yìí kò ṣi nǹkan kan kọ. Ohùn Màmá ló kọ sílẹ̀, òun sì bu báírò pupa lu ìyá ara rẹ̀, ó fún un ní méje. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà.

Wọ́n wọlé. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná Màmá, ó fa bébà yọ, ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Ó na bébà náà àti báírò pupa sí ọmọ rẹ̀. "Mo tọrọ àforíjì. Máàkì ti Dádì."

Mo dé ulé Màmá lónìí.
Uná ti kú.
Mo ní kí n se iṣu, ọwọ́ mi ò gbé e.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìlà kẹta, ó mi orí. Ó yí "iṣu" ká, ó kọ "uṣu" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Màmá kì í pè é bẹ́ẹ̀, Dádì," ló wí. "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó yá, ẹ kà á sókè."

Gbémiga bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Mo dé ulé..." Ẹkún tó ti ń wá láti oṣù mẹ́ta gbé e lulẹ̀ lórí àpótí yẹn, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà dúró tì í títí ó fi nu ojú. Ó wá ní, "Hẹn-ẹn. Ẹ tún un kà."

Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń tún un kà, ó fa bébà mìíràn sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ síbẹ̀, "u" ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.