Ogun Tí Mo Tò Ní Àtòdì

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé ìyàwó mi sunkún nínú fíìmù ẹlòmíì, kò sì sunkún nínú tèmi.

Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe ní ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Èyí tó bàjẹ́ ni mo máa ń tú wò, màá tún un tò padà, títí mo fi mọ ibi tí àwòrán ń gbà wọlé àti ibi tí ohùn ń gbà. Ibẹ̀ ni mo gbà dé ìdí iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe: mo máa ń fi Yorùbá sí ẹnu àwọn ará òkèèrè tó wà nínú fíìmù.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wa ni mo fi ṣe yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Mọ́tò lè fọn fèrè lójú títì, tí aṣọ bá ti pọ̀ tó, kò ní dé inú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn àdúrà ìdájí, kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, Mùlíkátù ìyàwó mi á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á jókòó sórí àpótí kékeré kan, á ka ọ̀rọ̀ gbogbo obìnrin inú fíìmù sílẹ̀. Tó bá jáde, èmi náà á wọlé, màá ka ti àwọn ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni màá wá so ohùn méjèèjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí ohùn á fi bá ẹnu mu.

Eré tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ayé Méjì ni a sọ ọ́. Ayé méjì ló wà lójú ọ̀run, Dómù àti Kásírì, ó sì ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn jagun. Ẹ̀rọ kan ni kò jẹ́ kí ogun náà tán. Tí wọ́n bá pa jagunjagun kan, ẹ̀rọ yìí á kó gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ sínú ara tuntun. Jagunjagun náà á jí, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa rántí ni ojú ẹni tó pa á. Òkú fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ̀san ikú ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn débi pé mo máa ń dá fíìmù dúró kí n lè wo bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀. Mùlíkátù ló ń sọ ọ̀rọ̀ Nérà, ọ̀gágun obìnrin tó ń jà fún Dómù. Èmi ni mò ń sọ ti Bárèkì, ọ̀gágun Kásírì.

Ìpín méjìlá ni eré náà. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, màá fi ìpín kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, àwọn èèyàn á sì péjọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù Alágbà Sàlàkọ́, bàbá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tóbi ju dígí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyá Mùlíkátù ṣubú ní Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Mùlíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọláògún ń gbé ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú ìyá ìyàwó mi. Èmi àti Ọláògún la jọ ń tú rédíò nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, òun náà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Ayé Méjì fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun kò rí obìnrin tó lè sọ ọ̀rọ̀ Nérà bíi Mùlíkátù, ṣé kí ó máa bá òun kà á tó bá ti wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́.

Ní Sátidé kan, mo dé ṣọ́ọ̀bù Alágbà Sàlàkọ́, mo bá wọn tí wọ́n ń wo ti Ẹ̀pẹ́. Ẹnì kan ló gbé e wá láti ọjà Ejìnrìn nínú mẹ́mórì fóònù. Ibi tí àwọn ará Kásírì ti sun ọkọ̀ ojú omi Dómù ni wọ́n wà, tí àwọn ọmọ Nérà méjèèjì sì wà nínú ọkọ̀ náà. Nérà dúró sí etí omi, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ohùn ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọkùnrin tí wọ́n ń gé irun fún ń fi aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn nu ojú.

Alágbà Sàlàkọ́ pa ẹ̀rọ ìgérun rẹ̀. "Fàsásì, kí ló dé tí o kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ sunkún ní tìẹ?"

Ẹnì kan ní bóyá ẹja Ẹ̀pẹ́ ló mú ohùn rẹ̀ là. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé ohùn méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, mo to ọ̀kan sókè, mo to èkejì sísàlẹ̀. Ní tèmi, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ojú títì. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ó ń gòkè, ó ń já, ó ń dúró kó tó mí. Mo wọn ibi tó ti dúró: ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Kí ni obìnrin tó wà nílé ọkọ ń fi odidi ìṣẹ́jú-àáyá méjì rò níwájú Ọláògún?

Mi ò bi í. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ohùn ara mi ṣíwájú ìpín tó tẹ̀ lé e: "Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú tó ń ti Ẹ̀pẹ́ wá." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọláògún náà fi ohùn ṣíwájú tirẹ̀: "Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ìfaradà." Mo ní egungun ẹja ti há sí olùtumọ̀ kan lọ́fun, ẹ bá a wá omi. Ó ní ó sàn ju ẹni tó ń ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fún un, tí kì í bá ṣe Mùlíkátù?

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn tó ń wò ó náà ti ya sí méjì. Àwọn ará Ìkòròdú ní Nérà ni ìkà, òun ló kọ́kọ́ sun kànga epo Kásírì láìnídìí. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní irọ́ ni, Kásírì ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bú ara wọn lórí Wásáàpù láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Èmi kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú tí wọ́n bá bú ará Ẹ̀pẹ́.

Ó ku ìpín méjì kí tèmi parí. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti tan ẹ̀rọ, mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, Mùlíkátù sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní òun kò wọlé. Ó ní ẹ̀gàn tí mò ń fi ṣíwájú fíìmù ti sú òun, torí ohùn òun ló ń tẹ̀ lé e.

Mo ní kó lọ sọ fún Ọláògún, òun ló bẹ̀rẹ̀, òun ló gba ohùn ìyàwó onílé.

"Òun náà ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ó ní ọjọ́ tí ẹ pe iṣẹ́ òun ní ayédèrú ni."

Nígbà náà ni mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. "Kí ló dé tí o fi ń sunkún fún un?"

"Fún ta ni? Bàbá Jamilah, Nérà ni mò ń sunkún fún. Ní Ẹ̀pẹ́, ìpín kejì ni wọ́n ti sun àwọn ọmọ mi. Mi ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Níbí, ẹ ti ní kí n sun kànga wọn ná, ẹ sì ti ní kí n bá wọn ṣàdéhùn, kí wọ́n tó wá sun ọmọ mi. Mo rò pé ohun tí mo ṣe ló padà bá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sunkún?"

Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi.

"Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára fáìlì yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní Ọláògún, ẹ ti dìde nìyẹn."

Mo jókòó, mo wò ó. Bí kọ̀ǹpútà ṣe to àwọn fáìlì náà nìyí: 1, 10, 11, 12, lẹ́yìn náà 2, 3, títí dé 9. Kò mọ iye. Àmì àkọ́kọ́ ló ń wò, bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń to ọ̀rọ̀. Nígbà tí 10 ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1. Ká ní mo kọ òdo ṣíwájú àwọn nọ́ńbà kékeré, 01, 02, ì bá tò wọ́n dáadáa. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni mo kàn ń tẹ̀ ní Sátidé-Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò sì lè fura, torí ẹni tó bá kú nínú ìpín kan tó wá ń rìn kiri nínú èyí tó tẹ̀ lé e, a ó ní ẹ̀rọ ló jí i.

Ní Ẹ̀pẹ́, àdéhùn àlàáfíà ló máa kẹ́yìn eré náà. Ní Ìkòròdú, wọ́n ti ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ti dà á, iná ló sì máa kẹ́yìn. Èmi, tí mo mọ ibi tí gbogbo wáyà ń lọ, èmi ni mo sọ ogun náà di èyí tí kò lópin.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo bi í. "Ṣé ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fún un?"

"Èmi ni. Ó bi mí pé ta ló ń dá mi lóhùn tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ Nérà ní Ìkòròdú. Mo ní kò sẹ́ni, èmi nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó máa ń jókòó síwájú mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á fèsì." Ó ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà pa. "Tí ẹ bá tún fi èébú kan ṣíwájú fíìmù, mi ò ní ka ọ̀rọ̀ kankan fún yín mọ́. Ẹ ó wá obìnrin mìíràn tó máa jókòó sínú aṣọ."

Mo ti gba èébú kan sílẹ̀ fún Sátidé ọ̀la. Ó jẹ mọ́ ìyàwó Ọláògún tó kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá. Mi ò tíì gba ohùn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sí ariwo kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa á rẹ́, mo sì lọ wo ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí a pa rẹ́ sí, mo tún pa á rẹ́ níbẹ̀, torí mo mọ ara mi.

Ní Sátidé, mo dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n Alágbà Sàlàkọ́, mo sọ fún gbogbo wọn pé àtòdì ni mo to eré náà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fetí sí ìyẹn.

"Ó ti tó oṣù kan tí èmi àti àna mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́ kò ti kí ara wa lórí Nérà yìí," Alágbà Sàlàkọ́ ní. "Mo pe bàbá yẹn ní aláìláàánú. Ta ló wá jẹ̀bi báyìí, Fàsásì? Dómù ni àbí Kásírì?"

Mo ní nígbà tí ìpín kìíní máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń jà ná. Kò síbi tí wọ́n ti sọ ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn. Oníkálukú ń kà á láti ibi tó ti dun òun ni. Wọ́n ní kí n máa lọ, wọ́n ní ìwàásù ni mò ń ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ka ìpín kejìlá ní Ẹ̀pẹ́, mo bá Mùlíkátù wọkọ̀, a gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ. Òun ló ní kí n wá. Ọláògún dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti ń hewú díẹ̀.

"Ayédèrú ń kí ọ o," ó ní.

"Oníkọ́bọ́ọ̀dù náà ń kí ọ," mo ní.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà náà wà lẹ́nu àwa méjèèjì. Mo rí i lẹ́nu tirẹ̀. Kò sọ ọ́, èmi náà kò sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ òun ń kùn, mo wò ó, mo rí i pé wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀ ti já, mo so ó. Ó ní kí n kúkú jókòó tì í, kí n máa fetí sí ohùn.

Òun àti Mùlíkátù jókòó kojú ara wọn, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Èmi wà lẹ́yìn, mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn bo etí. Ọláògún, ní ohùn Bárèkì, bi Nérà pé ọjọ́ wo ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀. Mùlíkátù gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. Ojú Ọláògún ló ń wò.

"Tí a bá kà á láti ọjọ́ tó dùn ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Tí a bá kà á láti ọjọ́ tó dùn mí, ìwọ ni. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ ká má kà á mọ́."

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú etí mi méjèèjì, ó sún mọ́ mi ju bó ṣe sún mọ́ mi rí lọ, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọláògún yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ó wọlé dáadáa.

Mo lè sọ pé rárá. Mo lè ní mọ́tò kan kọjá, kí wọ́n tún un kà, kí kálukú lọ ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì ì bá gbà, torí wọ́n mọ̀ pé etí mi kì í tàn mí. Mùlíkátù náà yíjú sí mi, ó ń dúró.

Mọ́tò kankan kò kọjá.

"Ó wọlé," mo ní. "Ẹ máa bá a lọ."