Káàdì Kan fún Ẹni Méjì

Mi ò fọwọ́ sí i. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tó bá wù wọ́n — mi ò fọwọ́ sí i. Láti aago mọ́kànlá ni ìwé yìí ti wà níwájú mi, bírò sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀, ó tún bá mi ṣí ìdérí bírò, bí ẹni pé ìdérí ló ń dá mi dúró. "Ibì kan péré ni, Alágídí. Fọwọ́ sí i, ká lọ jẹun." Alágídí. Ó dáa. Wọ́n ti sọ mí lórúkọ, màá jẹ́ orúkọ náà dáadáa lónìí.

Kí ni ìwé náà wí? Pé àwa tá a kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí kámẹ́rà tí dókítà fi ń wo inú ara aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ, a ti yẹ iṣẹ́ wa wò, a ò rí àbùkù kankan. Pé nọ́ọ̀sì ló pa kámẹ́rà nígbà tí kò yẹ. Nọ́ọ̀sì! Obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ sí yàrá kejì, tó ń wo àwòrán kan náà tí dókítà ń wò, kó lè mọ irinṣẹ́ tó kàn. Ó wò ó tán, ó ti àwòrán tirẹ̀. Ni ti dókítà bá ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ọ̀bẹ wà nínú ara èèyàn, dókítà ò rí nǹkan kan... Ọlọ́run yọ aláìsàn yẹn, ó yọ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, bí mo bá sì fọwọ́ sí ìwé yìí, wọ́n á ti lé obìnrin yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohùn rẹ̀ ò kúrò létí mi, látìgbà tó pè láàárọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, tèmi nìkan ni mo tì. Mi ò fọwọ́ kan ti dókítà."

Òótọ́ ló ń sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀gá náà mọ̀, kó má fi mí ṣe ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ káàdì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn méjì bá lọ gba ìtọ́jú, ṣé káàdì kan ni wọ́n ń ṣí fún àwọn méjèèjì? Ṣebí oníkálukú ló ní tirẹ̀. Bí ara ẹnì kan bá yá, tó ń lọ sílé, ṣé wọ́n á wá fa káàdì ẹni tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ya? Bí kámẹ́rà ṣe rí nìyẹn. Ẹyọ kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, ó yẹ kí ètò ṣí káàdì fún un: ohun tó ń wò, bó ṣe fẹ́ kó hàn, ibi tó wò ó dé. Tó bá wá tì í, kí ètò fa tirẹ̀ ya — tirẹ̀ nìkan! Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń pariwo ẹ̀ nínú ọ́fíìsì yìí. "Kámẹ́rà kan, káàdì kan," ni ọ̀gá ń wí. "Ó ń ṣiṣẹ́, má tú u." Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀! Iṣẹ́ tó ṣe rèé o.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Àbúrò, ṣé ìwọ nìkan ni òtítọ́ bí ni? Kí ni nọ́ọ̀sì jẹ́ sí ẹ?" Kò jẹ́ nǹkan kan sí mi. Mi ò tiẹ̀ mojú ẹ̀. Ṣé ìyẹn ló wá ní kí n tì í sí kòtò? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kí wọ́n gé ti ẹni tó ṣẹ̀. Kí wọ́n gé ti ọ̀gá!

Kọ̀ǹpútà kì í kúkú gbàgbé. Kò sí ìlà kan nínú ètò yìí tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Kí n ṣáà béèrè ni. Màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá gbé e ka orí tábìlì ọ̀gá, èmi náà á bá a ṣí ìdérí bírò... Kí ló wá dé tí mi ò tíì béèrè látàárọ̀? Mo níṣẹ́. Mo lọ mu omi. Mo lọ dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mi ò tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rù ò bà mí o. Kí ni màá máa bẹ̀rù?

Ó dáa. Ìlà náà rèé, níbi tí ètò ti ń ti kámẹ́rà. Ìlà kan ṣoṣo: ó fa káàdì ya, kò béèrè bóyá ẹnì kan ṣì ń lò ó. Ta ló kọ ọ́?

Mo tẹ̀ ẹ́.

Rárá.

Mo tún un tẹ̀. Ó lè jẹ́ pé... Orúkọ mi ni. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọjọ́ kẹta tí mo débí. Ọjọ́ kẹta! Ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni mo jókòó sí, tábìlì mi ń mì, mo ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló ń ṣí kámẹ́rà nígbà yẹn, kò tíì sí yàrá kejì. "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ọ̀gá ló bi mí, ọ̀gá yìí kan náà. "Ó dá mi lójú, sà."

Ó ti gbàgbé. Àbí kò gbàgbé... Àbí àṣírí mi ló ń bò látàárọ̀, tó fi ń bá mi ṣí ìdérí bírò? Yéè! Èmi tí mò ń bú u.

Bí mo bá fọwọ́ sí i báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Màá lọ jẹun. Ọ̀la, màá rọra tún ìlà yẹn kọ, ó tán. Ìka tó bá ṣẹ̀... ìka mi ló wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yìí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Mi ò fọwọ́ sí i. Látàárọ̀ ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ná mi ní nǹkan. Mi ò fọwọ́ sí i! Mo dé ìdérí bírò padà. Ìwé ṣì wà níbi tó wà. Fóònù mi dà? Kí n tó bá ọ̀gá sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ni màá kọ́kọ́ pè. Ẹ ò purọ́, mà. Tiyín nìkan lẹ tì. Ti dókítà... èmi ni mo tì í, láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.